Aṣọ Tí Ràmọ́tù Kì Í Jókòó Sábẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kàwé ní Dungu, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́sí, ẹ ní kí n sọ bí iṣẹ́ mi ti rí fún yín, torí pé ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe. Ẹ bi mí ní Yorùbá, mo dáhùn ní Yorùbá, ẹ wá ń fi Hausa ṣàlàyé ohun tí mo sọ fún ara yín. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ibi tí oníkálukú ti ń wá bàtà rẹ̀. Ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó gbé e fún ìyá rẹ̀.

Lásísì ni orúkọ mi. Tamale, ní àríwá Ghana níbí, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló di ẹrù rẹ̀ láti Ìlọrin wá síbí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi rán tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀ akẹ́rù, tí mo sì ń rán àtíbàbà tí à ń ta síwájú ilé nígbà ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀ yín ni wọ́n sọ lórúkọ lábẹ́ aṣọ mi. Ìyàwó mi, Ràmọ́tù, kì í jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dé òde tí wọ́n ta àtíbàbà sí, á gbé àpótí rẹ̀, á lọ jókòó sínú oòrùn. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún kí n tó kú ni kí ó tún jókòó sábẹ́ aṣọ tí ọwọ́ mi rán, ì báà jẹ́ ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu kóòkó, ògì gbígbóná, ife kan. Bí ó ṣe di bẹ́ẹ̀ ni ìtàn iṣẹ́ mi. N kò ní òmíràn.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Bàbá mi mú mi lọ́wọ́ lọ bá Alfa Sàká, ará Ìlọrin bíi tiwa, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìtéṣọ̀n àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Alfa gbé ọwọ́ mi, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Ó ní, "Yóò tó." Bàbá mi lọ sílé, èmi dúró. Ti owó, ẹ má bi mí. A jẹun, a wọṣọ, a kò lówó.

Alfa Sàká ga, ó tín-ín-rín, ìda oyin ló máa ń rùn lára rẹ̀ torí òun la fi ń pa òwú kí omi má baà wọ ojú abẹ́rẹ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi pa òwú kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó sì gbé abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n di ojú.

"Ojú ọ̀nà Bolga ni tapólì ti máa ń ya," ó ní, "nínú òjò, nínú òkùnkùn. Ṣé ojú lo máa fi rán an níbẹ̀?"

Mo gún ìka mi títí ìka kò fi mọ̀ mọ́ pé wọ́n ń gún òun.

Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo sìtéṣọ̀n fi mọ̀ wá ni ti gàrí. Bí ọmọ iṣẹ́ bá rán tapólì tuntun tán, a ó ta á sórí igi mẹ́rin. Ẹni tó rán an á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, á jókòó, á gbé àwo gàrí gbígbẹ lé itan. Àwọn yòókù á máa da omi lé aṣọ náà lórí, garawa tẹ̀ lé garawa. Alfa á dúró níta.

"Lásísì, gàrí ńkọ́?"

"Ó gbẹ, Alfa."

"Jẹ díẹ̀ kí n gbọ́."

Màá da gàrí sẹ́nu, Alfa á tẹ́tí. Bí ó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu mi, iṣẹ́ pé nìyẹn. Bí kò bá dún, omi ti kán sí i, màá jẹ gàrí tútù náà tán láìsí ṣúgà, màá sì tú gbogbo ohun tí mo rán láti orí dé ìdí.

Abẹ́ tapólì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Ràmọ́tù. Ìyá rẹ̀ ló ń ta kóòkó fún wa láràárọ̀, òun ló máa ń gbé e wá. Lọ́jọ́ náà gàrí mi ti di ẹ̀bà lórí itan mi. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń sọ lẹ́yìn aṣọ pé, "Ẹ̀yin tí ẹ wà nísàlẹ̀ yẹn, ṣé kí n bu ọbẹ̀ sí i fún yín?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí garawa fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Alfa fúnra rẹ̀ wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Mo jáde, mo rin gbingbin bí ẹja, mo wo ojú ẹni tó sọ̀rọ̀. Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà mo fẹ́ ẹ.

Òfin méjì ni Alfa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú. Àkọ́kọ́: ọ̀bẹ kì í kan iṣẹ́ tó ti parí. Bí o bá ṣe é tí kò dára, títú ni o máa tú u, ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe gígé. Ọmọ iṣẹ́ kan fi bíléèdì gé òwú lọ́jọ́ kan kí ó lè yá. Alfa kò nà án. Ó ká aṣọ rẹ̀ fún un, ó mú un délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ọmọ yín kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó kàn lè gé ohun tí ènìyàn ti rán." Ọmọ náà kò padà wá mọ́. Àwa tó kù, ọwọ́ wa kì í sún mọ́ ọ̀bẹ bí tapólì bá wà nílẹ̀.

Èkejì ni ti okùn. Inú ìṣẹ́tí tapólì, yípo yípo, okùn máa ń wà níbẹ̀ tó ń fún etí rẹ̀ lágbára. Nígbà náà ni okùn ọ̀rá ń wọ ọjà, ó fúyẹ́, ó ń dán. Alfa kò fẹ́ rí i sójú. "Òwú mọ omi," ó máa ń wí. "Bí òjò bá dé, òwú á mu ún, á wú, á fún aṣọ mọ́ ẹrù. Ọ̀rá ò mọ omi, kò mọ oòrùn, kò mọ ẹni tó ni ẹrù." Òótọ́ ló sì sọ. Mo rí ọkọ̀ àlùbọ́sà kan tó ti Bawku dé nínú òjò ọ̀gànjọ́, ọkọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni àlùbọ́sà wọn ti rà. Èyí tí tapólì wa bò gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn. Dírẹ́bà náà bọ́ sílẹ̀, ó di mọ́ Alfa, ó ń pariwo ní Hausa pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Alfa ní, "Okùn òwú ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Ẹ̀kọ́ tí ènìyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí èso rẹ̀, kò sí bí ó ṣe máa bọ́ lára rẹ̀.

Ọdún kẹjọ ni Alfa yọ̀ǹda mi, ó gbàdúrà fún mi níwájú àwọn àgbà. Ìgbà tí ó kú, èmi wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi pátákó, ihò abẹ́rẹ́ kún un.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí yí. A kúrò lórí abẹ́rẹ́ ọwọ́, a dé orí máṣìnì aláfọwọ́yí, a dé ti oníná. Ìyẹn kò burú, ọwọ́ ni máṣìnì, ó kàn ń yára ni. Ohun tó pa wá ni tapólì ọ̀rá tó ń ti òkè òkun wọlé, aláwọ̀ búlúù, tó fẹ́lẹ́ bí ewé, tí wọ́n ti lu ihò sí létí. Dírẹ́bà á rà á, á lò ó lẹ́ẹ̀mejì, á sọ ọ́ nù sí kòtò. Lẹ́yìn náà ni ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú àpótí irin, tí kò fẹ́ aṣọ kankan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ti ilẹ̀kùn. Òmíràn lọ ń ta káàdì fóònù, òmíràn padà sí Ìlọrin tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi ń rán àtíbàbà, mo ń lẹ èyí tó ya, mo ń wo ojú ọ̀nà. Ràmọ́tù ló ń bọ́ ilé, kóòkó àti kòòsé, àkàrà tó ń dín níwájú ilé wa ní Kpalsi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló fi ń bu èèlò kòòsé sínú epo, gbogbo rẹ̀ á sì rí bákan náà, roboto, bí ẹni fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ onílé fi dé.

Bàbá òyìnbó kan ló wà á, òun nìkan, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa. Ọkọ̀ náà ní ibùsùn nínú, ó ní ààrò, ó ní ibi tí omi ti ń jáde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú síwájú ilé wa gan-an. Àwọn ọmọdé sáré yí i ká, wọ́n ń ké "Siliminga! Siliminga!" bí àwọn Dàgọ́ḿbà ti ń pe òyìnbó. Ó tó oṣù kan tí fítà, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, fi ń tú ẹ́ńjìnnì náà tó ń tò ó. Láràárọ̀ bàbá yìí á wá jókòó sórí àga Ràmọ́tù, á jẹ kòòsé mẹ́fà, á ní ó ta, á tún bèèrè ata sí i. Nígbà tí fítà ní kò ṣeé ṣe mọ́, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Ràmọ́tù lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó ń bọ́ òun ló ni ilé òun. Ó wọ ọkọ̀ Accra, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Kí ó tó lọ ni ó fi irin náà hàn mí. Irin gbọọrọ kan ni, wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ òrùlé ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ṣófo, ó sì la ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ kan sísàlẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àtíbàbà ọkọ̀ náà ní okùn nínú ìṣẹ́tí rẹ̀. Ẹ ó ki orí ìṣẹ́tí yẹn bọ ẹnu irin láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó máa fà á lọ bí ẹni ń fi okùn sí ìdí ṣòkòtò. Okùn nípọn ju ẹnu irin lọ, nítorí náà kò lè já bọ́. Kò sí ìdè, kò sí ìṣó, ẹ kò lu ihò kankan. Ọ̀pá irin méjì ló gbé iwájú rẹ̀ dúró. Èmi tí mo ti rán aṣọ fún ogójì ọdún, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo pè é ní Ìfun. Mo dúró tì í, mo ń fi ìka tọ inú rẹ̀, Ràmọ́tù ní, "Bàbá Sèlífá, ẹ fẹ́ fẹ́ irin ni?"

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, bí ó bá rí ohun tuntun tó gba ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, á dà bí ẹni tún bí i. Ràmọ́tù kó ààrò rẹ̀ sẹ́bàá ọkọ̀ náà, ó di ṣọ́ọ̀bù. Mo rán aṣọ kúkúrú tó ń rìn nínú Ìfun bí kọ́tìnì, kí àwọn obìnrin lè jókòó lẹ́yìn rẹ̀ jẹun. Mo rán ojú okùn kéékèèké tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú rẹ̀, Ràmọ́tù ń fi ṣíbí ńlá rẹ̀ kọ́ ọ, ó ń fi àtùpà kọ́ ọ. Nígbà ọyẹ́ mo rán èyí tó kanlẹ̀ láti fi dí eruku. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní kí n bá òun ṣe irú rẹ̀ sára kíósìkì òun. Mo ti bá wẹ́dà sọ̀rọ̀ bí a ó ṣe tẹ irin. Mo tún ń rò ó pé màá gba ọmọ iṣẹ́.

Àtíbàbà tí òyìnbó fi sílẹ̀ ti gbó, mo pinnu láti rán tuntun. Mo tú ìṣẹ́tí ti àtijọ́ láti wo inú rẹ̀. Okùn ọ̀rá ni. Funfun, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ tútù. Mo pòṣé, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mú okùn òwú tó dára, èyí tó nípọn, mo rán an sínú aṣọ mi. Ọmọ wa Sèlífátù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti ń ṣe tíṣà nígbà yẹn.

"Bàbá, kí ló ṣe okùn tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ọ̀rá ni."

"Mo rí i pé ọ̀rá ni. Ó sì ń wọlé wẹ́rẹ́. Gáskíyá, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, Bàbá, ẹ dá a padà. Ẹni tó ṣe irin mọ ìdí tó fi fi ọ̀rá sí i."

"Sèlífá, nígbà tí mo ń jẹ gàrí tútù lábẹ́ tapólì, ibo lo wà?"

Ìyá rẹ̀ ti ìdí ààrò dáhùn: "Ó wà nínú igbá kóòkó mi, ó ń retí kí ẹ jẹun tán." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀.

Aṣọ tuntun yìí há nínú Ìfun. Ọṣẹ ni mo fi pa okùn rẹ̀ kí ó tó wọlé, èmi àti Ràmọ́tù la jọ fà á. Bí ó ṣe há yẹn ni inú mi dùn sí. Mo ní ohun tó bá há kì í bọ́. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni Ràmọ́tù fi ń fà á wọlé ní òwúrọ̀, tó ń fà á jáde ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ náà ń ṣe hàn-ìn hàn-ìn ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà dé ní òwúrọ̀ Sátidé. Òjò wínníwínní ló kọ́kọ́ rọ̀ láti ìdájí, kété tí a fa aṣọ wọlé tán. Nígbà tí oòrùn yẹ kó yọ, ojú sánmà ìlà-oòrùn dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pupa bí erùpẹ̀. Ràmọ́tù ti gbé epo kaná, àwọn oníbàárà ti wà lórí àga.

Ó ní, "Bàbá Sèlífá, ẹ jẹ́ ká tètè fa aṣọ yìí jáde."

Mo ní, "Ọjọ́ rẹ̀ gan-an ló dé yìí. Jẹ́ kí wọ́n rí i."

Ẹyin lohùn. Ìjì dé kí n tó pa ẹnu dé, pẹ̀lú eruku pupa tí ènìyàn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà sá. Àtíbàbà náà wú sókè bí ikùn ẹṣin, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí fò. Mo sáré dé ìpẹ̀kun Ìfun, mo di etí aṣọ mú, mo fà. Kò mì. Ràmọ́tù wá kún mi lọ́wọ́, a jọ fà á. Bí eyín inú ẹrẹ̀kẹ́ ló rí. Okùn òwú ti mu omi láti ìdájí, ó ti wú sínú irin, ó ń ṣe ohun tí Alfa Sàká sọ pé ó máa ṣe, ó ń fún.

Ràmọ́tù padà sídìí ààrò, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ àlùbọ́sà.

"Ẹ jẹ́ kí n gé e!"

Mo gbọ́ ọ. Mo rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí ibi tó fẹ́ gé. Aṣọ tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rán. Ohun tí mo wí ni pé, "Má gé e! Di ọ̀pá mú, mò ń bọ̀ wá tú u!"

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọgbọ̀n ọdún ó lé tí a ti fẹ́ra, obìnrin tí kò sí ẹni tó lè pa á lẹ́nu mọ́, ọjọ́ yẹn ló gbọ́ràn. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá mú. Mo lọ sí òdìkejì láti tú okùn ẹsẹ̀ ọ̀pá. Ìdè ibẹ̀ náà ti wú. Mo ń fi eyín tú u ni ìjì gbé aṣọ náà sókè, ó gbé ọ̀pá, ó gbé Ràmọ́tù pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹsẹ̀ ọ̀pá balẹ̀ sétí agbada epo. Agbada náà dà lé e lápá.

N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aṣọ náà kò ya. Nígbà tí ìjì lọ, mo wò ó láìmọ̀ pé mo ń wò ó, ojú iṣẹ́ ni. Kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó já. Iṣẹ́ tó pé ni.

Wọ́n gbà á sí ọsibítù, ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là, wọ́n gba apá là, ṣùgbọ́n awọ ibẹ̀ sún kì, ó ká ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú àtẹ́lẹwọ́, wọn kò sì nà mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹ̀yin náà mọ̀, ọwọ́ òsì kọ́ la fi ń jẹun. Ràmọ́tù ní kí ebi pa òun ju kí òun fi ọwọ́ òsì bu òkèlè. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń bu túò sẹ́nu rẹ̀, kí Sèlífátù tó rí ọ̀nà so ṣíbí mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Kò dín kòòsé mọ́.

Kò bú mi. Ì bá bú mi! Bí àwọn ará àdúgbò bá wá kí i, á ní kádàrá ni. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Sèlífá, ẹ ti jẹun?" Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé èmi ni mo ní kó má gé e. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

Mo rán àtíbàbà míràn. Okùn ọ̀rá ni mo fi sí i lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí mo ti sọ nù tẹ́lẹ̀, mo lọ wá a rí nínú pàǹtí. Mo fi í sínú Ìfun, ó wọlé bí omi. Ràmọ́tù jáde, ó wò ó, ó ní, "Ó dára." Ó gbé àpótí rẹ̀ kọjá níwájú mi, ó lọ gbé e sínú oòrùn. Bó ṣe wà nìyẹn lójoojúmọ́, títí tí mo fi fa aṣọ náà jáde. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Nígbà tí Sèlífátù bímọ, ilé ọkọ rẹ̀ ní Kalpohin ni a ti sọ ọmọ lórúkọ, lábẹ́ aṣọ tèmi. Ràmọ́tù jókòó sẹ́bàá ògiri níbi tí oòrùn ti ń jó. Àwọn obìnrin ń pè é.

"Ìyá Sèlífá! Ẹ máa bọ̀ lábẹ́ ibòji! Ṣé ẹ fẹ́ kí oòrùn sè yín ni?"

"Ẹ jẹ́ kó sè mí. Ẹran tó ti gbó ò tètè jinná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní agídí rẹ̀ kò kéré. Àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi, mo ń pín in kiri. N kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdún yẹn ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo gbé máṣìnì fún ẹni tó ń rán àga ọkọ̀, kò sí ẹni tó bi mí ìdí. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nígbà náà, mo ní aṣọ ló ń bà á lẹ́rù. Mo ní ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ohunkóhun tó bá ń mì lókè orí á máa dẹ́rù bà á, ẹni yòówù kó rán an. Mo fi èyí sun oorun ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí kí ẹ wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. N kò mọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí oògùn náà ń ṣe fún ará ilé ẹni tó ń mu ún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀gá mi kò parọ́ fún mi rí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí etí mi di. Ẹnu ọ̀gá mi wà ní etí mi kan, ti ìyàwó mi wà ní èkejì, òkú ni mo gbọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi èyí ṣe ẹ̀kọ́, ẹ fi ṣe é. Kò wò mí sàn.

Nígbà ooru ọdún yìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì sọ fún Ràmọ́tù pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù, kó yé jókòó sínú oòrùn. Ó tún gbé àpótí rẹ̀ sínú oòrùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Sèlífátù àti ọkọ rẹ̀ gbé àpótí gbọọrọ kan wá láti Accra. Àtíbàbà ni, èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá, tó ní ọwọ́ tí ẹ ó máa yí kí ó lè ká. Ọkọ̀ onílé náà ṣì wà níwájú ilé, táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀, ṣùgbọ́n Ìfun kò bàjẹ́. Ọkọ Sèlífátù gun àkàbà, Sèlífátù ń fa orí rẹ̀, èmi gbé ìdí rẹ̀ dání kó má baà wọ́lẹ̀. Mo wo ìránṣọ rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ jìnnà síra wọn, òwú ti ń yọ níbì kan.

Ràmọ́tù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò wá.

Ó ní, "Ta ló rán an?"

Sèlífátù ní, "Ìyá, máṣìnì ni. China ló ti wá."

Ràmọ́tù fi ọwọ́ òsì gbé àpótí rẹ̀. Ó rìn wá, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Ó na ẹsẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Ó tutù níbí," ó wí.

Sèlífátù bú sẹ́kún, ó di mọ́ ọn, ó ń pe alhamdulilahi. Èmi náà pè é. Nọ́ọ̀sì ti ní oòrùn yẹn lè pa á, oòrùn kò sì ní pa á mọ́. Ta ni mo jẹ́ tí n kò fi ní dúpẹ́?

Ìgbà yẹn ni Ràmọ́tù rí mi. Mo ṣì dúró níwájú ọkọ̀, òfìfo àpótí wà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá Sèlífá, kí lẹ ń dúró sínú oòrùn fún? Ẹ wá jókòó. Àyè wà."

Ohùn rẹ̀ rọ̀. Kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀.

Mo ní mò ń bọ̀. Wọ́n ti ń pe ìrun Àsárì kí n tó kúrò níbi tí mo dúró sí.